Àrokò ni kí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ má fi àwòrán ránṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe àwòrán 3D tí wọ́n máa ń tàn sára ògiri ìtàgé nígbà eré orin. Ọ̀kan nínú wa wà n'Íbàdàn, ọ̀kan l'Ékòó, ẹnì kẹta ní London. Inú browser la ti ń ṣe é, three.js, àkójọ kóòdù fún yíya àwòrán 3D, la sì ń lò. A fẹ́ kí gbogbo wa lè jọ máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: kí ẹnì kan máa gbé iná kiri, kí ẹnì kejì máa pààrọ̀ àwọ̀, kí ẹnì kẹta máa kọ shader (kóòdù kékeré tó ń sọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe ya àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀), kí ohun kan náà sì wà lójú kọ̀ǹpútà wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Screen share là ń lò báyìí. Ó ń falẹ̀, àwòrán ń ṣú, dátà sì ń tán bí ẹni ń da omi sínú apẹ̀rẹ̀. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ fẹ́ ṣeé ṣe, dátà yín á sì dín kù ju bí ẹ ti rò lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé àwòrán gan-an lẹ ń kó ránṣẹ́. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tó fẹ̀ ní 1920, tó ga ní 1080, ní píksẹ́lì 2,073,600. Báìtì mẹ́ta ni àwọ̀ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gbà. Tí wọ́n bá ń ya á ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, báìtì 373,248,000 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Íntánẹ́ẹ̀tì ilé wo ló fẹ́ gbé e? Nítorí náà ni screen share ṣe ń fún un pọ̀, tó ń da ohun tó rò pé ojú ò ní rí nù, títí tó fi kù bíi mẹ́gábíìtì 6 ní ìṣẹ́jú àáyá. Bó ti kéré tó náà, wákàtí kan á jẹ 2.7 GB lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ránṣẹ́, á sì jẹ iye kan náà lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń gbà á. Àwòrán tí ẹ ní ó ń ṣú náà, ibẹ̀ ló ti wá: tí ọ̀nà bá há, ẹ̀rọ á tún fún un pọ̀ sí i, àwọn nǹkan wínníwínní tó ń fò kiri bí òjò tàbí eruku ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, torí férémù kan wọn, ìyẹn ọ̀kan nínú àwòrán 60 yẹn, ò jọ èkejì.

GPU, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán, wà nínú kọ̀ǹpútà oníkálukú yín. Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó yí padà nìkan ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́, kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ ya àwòrán. Bí àrokò ṣe rí láyé àtijọ́ náà nìyẹn. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ti tó láti sọ pé ọkàn mi fà sọ́dọ̀ rẹ, nítorí ẹni tó gbà á ti mọ̀ pé ẹ̀fà àti fífà ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àdéhùn tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló gbé ọ̀rọ̀ náà, owó ẹyọ ò gbé ju iye lọ.

Àdéhùn tiyín á jẹ́ tábìlì kan nínú kóòdù: nọ́ńbà 1 ni ibi tí iná ọ̀tún wà, 2 ni àwọ̀ rẹ̀, 3 ni ìwọ̀n èéfín, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fún tábìlì náà ní nọ́ńbà ẹ̀dà, kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sọ nọ́ńbà yìí bó bá ṣe ń wọlé, kí server (kọ̀ǹpútà àárín tí gbogbo yín ń bá sọ̀rọ̀) sì lé ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀ padà. Tí ẹ ò bá ṣe é, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan á fi nǹkan kún àárín tábìlì, tí ẹni tó wà ní London á máa fa èéfín, tí kámẹ́rà ẹni tó wà n'Íbàdàn á máa yí, ẹ ó sì fi gbogbo òru wá ibi tí àṣìṣe náà wà.

Ẹ wá wo iye tó ń ná yín. Ibi tí nǹkan wà gba báìtì 12, bó ṣe dojú kọ gba 16, nọ́ńbà rẹ̀ gba 2, àkókò gba 4. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 34. UDP àti IP, àwọn ìlànà tó ń gbé ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á fi 28 lé e, ó di 62. Tí ẹ bá ń fi í ránṣẹ́ nígbà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, wákàtí kan ò tó 4.5 MB. Kódà bí ìdáàbòbò WebRTC, ọ̀nà tí browser fi ń rán dátà lójú ẹsẹ̀, bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 9 MB náà ni ẹ ó fi wé 2.7 GB. Àwọn kan á ní kí ẹ tún fún báìtì 34 yẹn pọ̀ di 10. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe nísinsìnyí, torí 28 tó wà lórí rẹ̀ ò ní dín. Ó sàn kí ẹ kó ìyípadà márùn-ún sínú pákẹ́ẹ̀tì (ìdì ọ̀rọ̀) kan. Kí pákẹ́ẹ̀tì kan má ṣáà ti ju báìtì 1,200 lọ, kí ó má baà di pé wọ́n gé e sí méjì lójú ọ̀nà.

Ẹ má gbìyànjú kí kọ̀ǹpútà yín máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Íntánẹ́ẹ̀tì fóònù máa ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, ọ̀nà tààrà kì í sábà là. Ẹ háyà server kékeré kan, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa bá a sọ̀rọ̀, kí ó jẹ́ òun nìkan ló ní ẹ̀dà tí gbogbo yín gbà pé ó jóòótọ́. Ibo ló yẹ kó wà? Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú àáyá nínú fiber, ìyẹn okùn gíláàsì. Wáyà abẹ́ òkun Glo-1, tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó, gùn tó kìlómítà 9,800. Ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ms, 49 ni àlọ nìkan, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ms 98, kí ẹ̀rọ kankan tó dá a dúró lójú ọ̀nà. Férémù kan ò ju ms 16.7 lọ, nítorí náà férémù bíi mẹ́fà á ti kọjá. Kò sí kóòdù tó lè dín èyí kù. Ẹ̀yin méjì wà ní Nàìjíríà, Èkó ni kí server wà. Tó bá wà ní London, ọ̀rọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó á kọ́kọ́ sọdá òkun ná. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ pọ̀ nítòsí Abidjan, ohun tó wà nílé ló rọrùn láti dé.

Ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ ṣe ping, ìyẹn kí ẹ wọn àkókò àlọ àti àbọ̀ ọ̀rọ̀, láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí oníkálukú ń lò gan-an. Bí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín àti ti server ò bá pàdé ara wọn ní Èkó, ní ibi bí IXPN, ojúkò tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ti ń pàdé, ọ̀rọ̀ lè jáde lọ sí Yúróòpù kó tó padà wá sí òpópónà kejì. Tí ping láti Ìbàdàn sí Èkó bá ju ms 80 lọ, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìyẹn. Ẹ pààrọ̀ ibi tí ẹ ti háyà server.

Ọ̀nà méjì ni kí ẹ là láàárín browser àti server. WebSocket ni àkọ́kọ́, fún ohun tí kò gbọdọ̀ sọnù: ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde, nǹkan tuntun, shader. TCP, ìlànà tó ń rí i pé gbogbo ọ̀rọ̀ dé ní títò, ló wà nídìí rẹ̀. Ó dájú, àmọ́ tí pákẹ́ẹ̀tì kan bá sọnù, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á dúró dè é, bí ọkọ̀ tó kú lójú títì tí gbogbo ọkọ̀ ẹ̀yìn ò rí ibi gbà. Ẹ tan TCP_NODELAY lórí server, kí ó má baà máa kó ọ̀rọ̀ kéékèèké jọ kó tó rán wọn. Ọ̀nà kejì ni data channel ti WebRTC, pẹ̀lú `ordered: false` àti `maxRetransmits: 0`, fún ohun tó ń rìn lọ́wọ́lọ́wọ́. Èyí tó bá sọnù níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ, tuntun ń bọ̀ lẹ́yìn ms 50. Nítorí ọ̀rọ̀ lè dé láìtò, kí ìyípadà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹ sì ju èyí tó bá ti pẹ́ nù.

Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ kan ṣoṣo tó ń fa slider (ọ̀pá ojú kọ̀ǹpútà tí a fi ń yí iye padà), torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Máòsì lè sọ ibi tó wà ní ìgbà 125 títí dé 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, browser sì lè ké sí kóòdù yín ní gbogbo férémù. Ẹ má rán gbogbo rẹ̀. Ẹ tọ́jú èyí tó dé kẹ́yìn, kí aago kan máa rán an ní ìgbà 20. Nígbà tí ọwọ́ bá kúrò lórí máòsì, ẹ rán iye ìkẹyìn gba ọ̀nà WebSocket. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, tí pákẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn bá sọnù, slider rẹ̀ á wà ní 0.80, ti àwọn yòókù á wà ní 0.77, wọn ò sì ní bá ara mu mọ́ títí ẹnì kan á fi tún fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń fà á kò gbọdọ̀ dúró de server kó tó rí i lójú tirẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ni kó ṣẹlẹ̀. Títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi kúrò níbẹ̀, kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ má ka ohun tí server ń dá padà lórí nọ́ńbà yẹn sí. Tó bá kà á sí, ohun tó ti kọjá ní ms 100 sẹ́yìn á máa fa slider padà, á sì máa gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Lójú àwọn tó ń wò, ìgbà 20 ò tó kí nǹkan rìn geere. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wo ohun tó ti kọjá ní ms 100, kí kóòdù máa ṣírò àárín ìyípadà méjì tó ti dé. Níwọ̀n bí ìyípadà ti ń dé ní ms 50-50, bí ọ̀kan bá tiẹ̀ sọnù, méjì mìíràn á ṣì wà láti fi ṣírò. Fún yíyí, quaternion (nọ́ńbà mẹ́rin tó ń sọ ibi tí nǹkan dojú kọ) ni kí ẹ lò, ẹ má lo dígírì: láti 359 sí 1, dígírì á gba ẹ̀yìn yípo gbogbo ayé kó tó dé. Kí ẹ tó ṣe slerp, ìyẹn ṣíṣírò àárín quaternion méjì, ẹ wo dot àwọn méjèèjì (ẹ sọ nọ́ńbà wọn di púpọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rò wọ́n pọ̀). Tó bá wà lábẹ́ òdo, ẹ yí àmì ọ̀kan padà. Slerp ti three.js ń ṣe èyí fúnra rẹ̀, èyí tí ẹ bá fọwọ́ ara yín kọ lè má ṣe é.

Gbogbo èyí dúró lórí aago kan. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní láti mọ iye tí aago server fi ju tirẹ̀ lọ. Ó rán ọ̀rọ̀ nígbà tí aago tirẹ̀ jẹ́ 1000. Server gbà á ní 5060, ó dáhùn ní 5061. Ìdáhùn padà dé ní 1121. Ẹ yọ 1000 kúrò nínú 5060, ó ku 4060. Ẹ yọ 1121 kúrò nínú 5061, ó ku 3940. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ẹ pín in sí méjì: 4000 ni ìyàtọ̀ aago wọn. Ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá, kí ẹ mú èyí tí àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kúrú jù. `performance.now()` ni kí ẹ fi ka aago, torí `Date.now()` lè fò nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tún aago rẹ̀ ṣe.

Nígbà tí aago bá ti di ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nǹkan ò nílò ìránṣẹ́ rárá. Ìgbì omi, iná tó ń ṣẹ́jú, ohun tó ń yí po: bí kóòdù wọn bá jẹ́ pé àkókò nìkan ló ń tẹ̀ lé, wọ́n á bára mu níbi mẹ́ta láìsí báìtì kan. Òjò tó ní ẹ̀kán 50,000 kò gbà ju nọ́ńbà kan tí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀ lọ, èyí tí àwọn oníkóòdù ń pè ní seed. Èéfín tí férémù kan ti ń bí èkejì ni kò ní gbọ́ràn, torí GPU kan ò ṣírò bákan náà pẹ̀lú èkejì, ìyàtọ̀ kékeré á sì máa dàgbà. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa dúró ka èéfín London pẹ̀lú ti Ìbàdàn.

Shader wá ni àgbà iṣẹ́. Fún kíkọ ọ́ pọ̀, Yjs, àkójọ kóòdù fún kíkọ ọ̀rọ̀ pọ̀, ni kí ẹ lò, ẹ má dá tiyín ṣe. Ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, nítorí náà bí ẹni méjì bá kọ nǹkan sí ìlà kan náà, ọ̀rọ̀ wọn á wọnú ara wọn láìsí èyí tó pa èkejì rẹ́. Àmọ́ kí lẹ́tà máa rìn lójú ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí kí shader máa yí padà lójú ẹsẹ̀. Ààbọ̀ ìlà kóòdù kì í ṣe kóòdù. Kí ó jẹ́ pé ìgbà tí ẹnì kan bá tẹ Ctrl+Enter ni wọ́n á gbìyànjú rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà ẹni yẹn ná. Bí LINK_STATUS, àmì pé GPU gba shader náà, bá jẹ́ true, kí server rán odindi ọ̀rọ̀ shader náà sí àwọn yòókù. Ẹ má pa ti àtijọ́ rẹ́ títí tuntun á fi yege níbi gbogbo. Ìlà tí GPU kan gbà, òmíràn lè kọ̀ ọ́.

Àìsàn mẹ́ta ni ẹ ó bá pàdé níbẹ̀. Ọ̀kan ni shader tó ń rìn geere lórí laptop, tó ń fò kánkán-kánkán lórí fóònù lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. `mediump`, nọ́ńbà tí kò péye tó `highp`, ló fà á. Lórí ọ̀pọ̀ laptop, GPU ń ka `mediump` sí `highp`, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Lórí fóònù, bíìtì 10 ló lè ní fún ìdá rẹ̀: tí àkókò bá ti lé ní ìṣẹ́jú àáyá 64, ìgbésẹ̀ tó kéré jù tó lè gbé ni ìdá 16 ìṣẹ́jú àáyá, ní 128, ó di ìdá 8, ní 1024, odidi ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń fò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ `precision highp float;`, kí JavaScript sì ti dá àkókò padà sí òdo ní ibi tí ìyípo yín bá ti parí kó tó fún shader.

Èkejì ni nọ́ńbà tí a fi ń ṣe bíi pé kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó kàn (random), èyí tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì: `fract(sin(...) * 43758.5453)`. Sin GPU kan àti ti òmíràn lè yàtọ̀ níbi tó jìnnà lẹ́yìn àmì ìdá, ẹ wá fi 43758 sọ ìyàtọ̀ yẹn di ńlá. Ìràwọ̀ tó wà lápá ọ̀tún l'Ékòó á wà lápá òsì ní London. WebGL2, ìlànà tí browser fi ń lo GPU, ní `uint`, ìyẹn odidi nọ́ńbà. Òun ni kí ẹ fi ṣe hash yín, ìyẹn ìṣirò tó ń da nọ́ńbà rú, á sì bára mu níbi gbogbo.

Ẹ̀kẹta ni loop (kóòdù tó ń tún ara rẹ̀ ṣe) tí kò mọ ibi tí yóò dúró sí. Windows máa ń tún GPU bẹ̀rẹ̀ bí kò bá dáhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, browser á sì kéde `webglcontextlost`. Ohun tí GPU ńlá ṣe tán ní ms 10 lè pa laptop kékeré. Ẹ fi òpin sí loop, 128 ti tó fún raymarching yín (títọ ìtànṣán ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀), kí ẹ sì pe `preventDefault()` nínú ìkéde yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ `webglcontextrestored` ò ní dé láé.

Bí ọwọ́ méjì bá kan nǹkan kan náà, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ló ni ín. Kí server kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kí àwọ̀ tirẹ̀ yí i ká lójú àwọn yòókù, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tí kò bá ṣe nǹkan kan, tàbí lójú ẹsẹ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá já. Orí nọ́ńbà tábìlì ni kí ìdè yìí wà, kó má jẹ́ orí odindi nǹkan: ẹnì kan lè máa gbé iná kiri kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ àwọ̀ rẹ̀.

NEPA á mú iná, íntánẹ́ẹ̀tì á já. Àwọn kan máa ń kọ kóòdù gígùn kí ẹni tó padà wọlé lè gba kìkì ohun tó pàdánù. Ẹ má ṣe wàhálà yẹn. Tábìlì tó ní nọ́ńbà 200, ní báìtì 34-34, jẹ́ 6,800. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún un. Ohun kan náà ni fún ẹni tó lọ wo WhatsApp nínú tab mìíràn: browser á dá yíya àwòrán rẹ̀ dúró, ọ̀rọ̀ á sì kó jọ. Tí `visibilitychange` bá ti sọ pé ó ti padà, kí ó da gbogbo èyí tó kó jọ nù, kí ó béèrè tábìlì tuntun. Àwọn glTF (fáìlì nǹkan 3D) àti àwòrán ńlá kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà yìí kọjá rárá. Ẹ fi SHA-256 wọn, àmì tí a ṣírò láti inú fáìlì fúnra rẹ̀, ṣe orúkọ wọn, kí kọ̀ǹpútà ti fà wọ́n sílẹ̀ ṣáájú, kí ọ̀nà ojú ẹsẹ̀ máa gbé orúkọ nìkan.

Ẹ má dán an wò nínú yàrá kan náà kí ẹ ní ó ti yege. Lórí Linux, `tc qdisc add dev eth0 root netem delay 100ms 20ms loss 2%` á sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín di bí ó ṣe ń rí ní ọjọ́ tí kò dára. `tc qdisc del dev eth0 root` á dá a padà. Ẹ fi orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiyín rọ́pò eth0. Kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan máa ṣe CRC tábìlì rẹ̀ (nọ́ńbà kan tí a ṣírò láti inú gbogbo rẹ̀ fún àyẹ̀wò) ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún, nígbà tí ọwọ́ kankan ò bá sí lórí nǹkan, kí ó fi ránṣẹ́ sí server. Tí ti ẹnì kan bá yàtọ̀, kí àmì pupa kékeré yọ sí igun ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ sọ iye inú tábìlì di odidi nọ́ńbà kí ẹ tó ṣe CRC náà, torí ìdá á tàn yín.

Fún alẹ́ eré gan-an, ẹ fi kọ̀ǹpútà kẹrin sí ìtàgé, tí kò ní ṣe ju kó máa gbọ́ lọ. Wáyà ni kí ẹ fi so ó mọ́ router, kí ó ní UPS, kí gbogbo fáìlì ti wà lórí rẹ̀ láti ọ̀sán. Ẹ fa íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yọ nígbà ìdánwò: ó gbọ́dọ̀ máa ya àwòrán lọ pẹ̀lú iye tó gbà kẹ́yìn, láìsí ọ̀rọ̀ àṣìṣe kankan lójú ògiri. Ẹ tún un kì bọ̀ ọ́: kí àwòrán fi ìṣẹ́jú àáyá méjì rọra rìn dé ibi tó yẹ kó wà, kí ó má fò síbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.